Owó áàpù lóònù yìí ń yára wọlé, àmọ́ ẹ ka privacy policy ẹ̀ ná: ìràwọ̀ 2 nínú 5

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníbàárà mi ti ń bi mí nípa áàpù lóònù kan báyìí, àwọn tó ń wá gbowó níbi POS mi ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn níbí, ọ̀kan á gbé fóònù ẹ̀ síwájú mi, á ní "Àǹtí, ẹ bá mi wo eléyìí, ṣé ó dáa, ṣé kò ní kó bá mi báyìí?" Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́nu mi lè sinmi. Mi ò ní dárúkọ áàpù náà torí mi ò lówó lọ́yà, àti pé tẹ́ ẹ bá yọ orúkọ kúrò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń yá wa lówó lórí fóònù náà ń ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ kàn máa bá a lára wọn níwọ̀n-níwọ̀n ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn wọ́n, kò yẹ ká purọ́ mọ́ wọn. Owó wọn ń yára. Mo lò ó fúnra mi nígbà tí mo fẹ́ kó ọjà, tí owó mi há sọ́wọ́ báǹkì, tí wọ́n ní kí n ní sùúrù. Mo fi BVN sí i, mo fi NIN sí i, mo ya fọ́tò ojú mi, wọ́n ní kí n yí orí sọ́tùn-ún, kí n yí i sósì, kí n ṣẹ́jú, kí n tó gbé fóònù sílẹ̀ àlàátì ti dún. 30,000 náírà ni mo bèèrè, 25,500 ló wọlé, wọ́n ti yọ ohun tí wọ́n pè ní service fee sílẹ̀ kówó tó dé ọ̀dọ̀ mi, gbogbo 30,000 náà ni mo sì máa dá padà láàárín ọjọ́ 14. Lórí Play Store o, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọjọ́ 91 títí dé 365 lèèyàn máa fi san án! Ìdí ẹ̀ ni pé Google ò gba áàpù lóònù tó bá ní kéèyàn san gbogbo owó padà láàárín ọjọ́ 60 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, wọ́n wá ń kọ 91 síta, wọ́n ń fún wa ní 14 nínú ilé. Ṣùgbọ́n mo san án lásìkò, ẹnikẹ́ni ò yọ mí lẹ́nu, àwọn tó ń dáhùn lórí WhatsApp wọn náà sì ń fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ìràwọ̀ 2 yẹn ti wá. 3 tó kù, inú privacy policy wọn ni mo ti gbà á padà.

Fún ẹni tí kò bá yé: tí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ gba orúkọ yín, nọ́ńbà yín, fọ́tò yín, BVN yín, ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ pé èmi lagbájá nìyí, ibi báyìí lẹ ti lè rí mi, ohun tí mo fẹ́ gbà nìyí, ohun tí mo fẹ́ fi ṣe nìyí, àwọn tí mo máa fi hàn nìyí, ìgbà tí mo máa pa á rẹ́ nìyí, tẹ́ ẹ bá sì ní ẹ̀sùn, ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lọ nìyí. Ìwé tó ń sọ gbogbo ìyẹn ni privacy policy. Èyí tó sọ iye èlé àti ọjọ́ sísan, ọ̀tọ̀ nìyẹn, terms and conditions ni wọ́n ń pè é, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ wa ò fura sí, pé iléeṣẹ́ kan ní privacy policy ò ní kó jẹ́ pé ó ń pa àṣírí wa mọ́ o. Ohun tí wọ́n máa ṣe ni wọ́n kọ síbẹ̀, ì báà dáa ì báà burú, wọ́n lè kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé àwọn máa fún gbogbo ayé ní nọ́ńbà yín, tẹ́ ẹ bá ti tẹ "I agree" wọ́n á ní ẹ kúkú ti gbà. Ní Nàìjíríà, òfin tó de ọ̀rọ̀ yìí ni Nigeria Data Protection Act, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Abala 27 ibẹ̀ ló to àwọn nǹkan tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún wa, kí wọ́n sì sọ ọ́ KÍ WỌ́N TÓ gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Mo ṣí òfin yẹn sórí fóònù kan, mo ṣí ti áàpù yìí sórí ìkejì, mo jókòó tì wọ́n.

Kéèyàn tó rí i gan-an, iṣẹ́ ni. Bọ́tìnì ńlá aláwọ̀ ewé ló wà níwájú, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n wá fi lẹ́tà wínníwínní aláwọ̀ eérú kọ ọ́ sí, àpótí kékeré tó yẹ kí n fọwọ́ ara mi máàkì sì ti ní máàkì nínú kí n tó débẹ̀. Òfin yẹn sọ ọ́ pé téèyàn bá dákẹ́, kò túmọ̀ sí pé ó gbà, máàkì tí wọ́n sì ti bá wa fi sílẹ̀ ò ṣe é pè ní ìyọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbójú fo ìyẹn, ká wọ inú ilé.

Ta ni wọ́n? "We", "us", "the Company". Kò sí nọ́ńbà CAC tí ìjọba fi ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, kò sí àdírẹ́sì, "Lagos, Nigeria" ni wọ́n kọ, bíi pé Èkó jẹ́ ojúlé kan ṣoṣo. Íméèlì tó wà níbẹ̀, Gmail lásán ni. Òfin ní kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, ibi iṣẹ́ wọn, àti ọ̀nà tá a lè gbà kàn sí wọn. Mo ń kà á lọ, mo dé ibì kan tó ní "If you are a California resident". Mo nu ojú mi, mo tún un kà. Òótọ́ ni o! Àwọn tó ń yá ará Mọ́kọ́lá ní 30,000 náírà ń to ẹ̀tọ́ ará California lẹ́sẹẹsẹ, òfin tiwọn lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020, wọn ò wá dárúkọ òfin Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kan. Nísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, orúkọ áàpù míì ló jókòó síbẹ̀ dípò orúkọ tiwọn. Ṣé ẹ rí i báyìí, wọ́n wo ti ẹlòmíì kọ ni, wọ́n gbàgbé láti nu orúkọ onítọ̀hún kúrò. Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni inú wá ń bí mi, torí tí ẹni tó ń gba BVN mi ò bá ka ìwé tòun fúnra ẹ̀ kọ́ tó gbé e jáde, kí ló fẹ́ fi BVN yẹn ṣe tó ní láákàyè nínú?

Ẹ jẹ́ ká dé orí ohun tí wọ́n ń gbà. SMS, kọ́ńtáàkì, ibi téèyàn wà, orúkọ gbogbo áàpù tó wà lórí fóònù, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá fóònù náà fúnra ẹ̀ mọ̀. Àwọn kan lè ní kí ni wọ́n fẹ́ fi SMS mi ṣe. Àlàátì báǹkì ni wọ́n ń wá, ẹ̀rọ wọn á ka àwọn àlàátì yẹn, á mọ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde, á mọ̀ bóyá ẹ ti jẹ áàpù míì ní gbèsè, á wá fi ìyẹn ṣírò iye tí wọ́n lè yá yín. Ó nítumọ̀ lójú ẹni tó ń yáni lówó, mi ò jà sí i. Ṣùgbọ́n inú SMS yẹn kan náà ni OTP tí báǹkì fi ń mọ̀ pé àwa ni wà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ mi wà, èsì tẹ́ẹ̀sì láti hospital náà ń gba ibẹ̀ wọlé. Tó bá jẹ́ àlàátì nìkan lẹ fẹ́ kà, ẹ kọ ọ́ pé àlàátì nìkan ni. Ohun tí wọ́n wá kọ ni pé àwọn ń gba gbogbo ẹ̀ "to improve your experience". Ìrírí wo nìyẹn? Òfin ní kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi ń gba nǹkan kọ̀ọ̀kan, ìdí pàtó, kí wọ́n sì má gbà ju ohun tí iṣẹ́ náà nílò lọ.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí, kọ́ńtáàkì. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2023 ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin kan pé áàpù lóònù ò gbọdọ̀ wo kọ́ńtáàkì, kò gbọdọ̀ wo fọ́tò, kò gbọdọ̀ wo ibi téèyàn wà gẹ́lẹ́. Torí ẹ̀, áàpù yìí tó wà lórí Play Store ò bèèrè kọ́ńtáàkì lóòótọ́, ó kàn ní kí n fọwọ́ ara mi tẹ orúkọ àti nọ́ńbà èèyàn mẹ́ta sí i. Tẹ́ ẹ bá wo ibi tí wọ́n kọ Data safety sí lórí Play Store, wọ́n ní àwọn ò gba kọ́ńtáàkì, (iléeṣẹ́ fúnra wọn ló ń kọ apá ibẹ̀ yẹn o, kì í ṣe Google ló lọ yẹ̀ wọ́n wò.) Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo san owó tán, wọ́n fi líǹkì kan ránṣẹ́ pé tí mo bá fẹ́ kí limit mi ga, ìyẹn iye tí mo lè yá, kí n wá gba "full version" láti orí wẹ́ẹ̀bù wọn, kì í ṣe láti Play Store. Mo ní fóònù kan tí mi ò fi ṣe nǹkankan, nọ́ńbà èèyàn méjì péré ló wà lórí ẹ̀, ìyẹn ni mo gbé e sí. Kó tó ṣí tán ló ti ń bèèrè kọ́ńtáàkì. Mo tẹ "Don't allow". Ó tì mí síta. Mo tún wọlé, mo tún tẹ ẹ́ pé rárá, ó tún tì mí síta, ó ní láìsí kọ́ńtáàkì òun ò lè ṣiṣẹ́ fún mi. Privacy policy kan ṣoṣo yẹn ni méjèèjì ń lò, ó wà níbẹ̀ ní abala kẹta pé "we may access your contact list", lójú ẹsẹ̀ kan náà tí wọ́n ń sọ fún Play Store pé àwọn ò gbà á.

Àwọn tó wà nínú kọ́ńtáàkì mi ò yá owó kankan. Ìyá ẹlẹ́ja, pásítọ̀ wa, lánlọ́ọ̀dù, tíṣà ọmọ mi, wọn ò mọ áàpù yẹn rí, wọn ò tẹ "I agree" kankan, èmi náà ò sì lẹ́nu láti bá wọn tẹ̀ ẹ́. Kéèyàn fi kọ́ńtáàkì ẹ̀ gba lóònù dà bí ìgbà tí ayálégbé kan bá lọ fi kọ́kọ́rọ́ géètì gbogbo ilé dúró fún gbèsè tiẹ̀ nìkan. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi, oníkẹ̀kẹ́ ni, kẹ̀kẹ́ ẹ̀ bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó yẹ kó san owó áàpù kan, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀ kì í ṣe eléyìí, wọ́n fi fọ́tò tó yà nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn tó mọ̀, wọ́n kọ "olè ni, ẹ sọ fún un kó wá san owó wa" sábẹ́ ẹ̀. Àna ẹ̀ obìnrin rí i. Alága ẹgbẹ́ wọn rí i. Gbèsè ọ̀hún ò tó owó táyà méjì. Fọ́tò tí wọ́n ní àwọn ń gbà "for verification" ni wọ́n lò o, ìyẹn ló fi yẹ kéèyàn máa wo ìdí tí wọ́n bá kọ dáadáa.

Ẹ má sì rò pé wọn kì í mú wọn. Ní oṣù kẹjọ 2021, kí òfin tuntun yìí tó jáde, NITDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé Soko Loan lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sáwọn tó wà nínú kọ́ńtáàkì ẹni tó jẹ wọ́n, àwọn tí kò mọ̀ nípa lóònù náà rárá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, gbé ìlànà jáde pé áàpù tó bá fẹ́ yáni lówó gbọ́dọ̀ wá gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn, orúkọ àwọn tó ti gbà á sì wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fi BVN sílẹ̀. Ti àwọn ńláńlá náà wà ńbẹ̀, Meta tó ni WhatsApp, mílíọ̀nù 220 dọ́là ni FCCPC ní kí wọ́n san ní oṣù keje 2024, privacy policy tí WhatsApp yí padà ní 2021 sì wà lára ohun tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yẹn. Ẹ rántí ọdún yẹn, tí gbogbo ayé ń sá lọ sí Telegram.

Ibi tí wọ́n ti sọ àwọn tí wọ́n máa fún ní nǹkan wa, gbólóhùn kan péré ni: "our affiliates, partners, service providers and other third parties". Ta ló kù nínú ayé tí kò sí níbẹ̀? Mo gbà pé wọ́n gbọ́dọ̀ fún àwọn kan. Tẹ́ ẹ bá yáwó, orúkọ yín máa dé ọ̀dọ̀ àwọn credit bureau tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè èèyàn, bíi CRC tàbí FirstCentral, kò sóhun tó burú ńbẹ̀, báǹkì náà ń ṣe é, kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn agbowó-gbèsè wà tí àwọn ń gbéṣẹ́ fún, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n ń fún wọn. Kí wọ́n sọ ọ́ bóyá orílẹ̀-èdè míì ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ sí wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìgbà tí wọ́n máa pa á rẹ́. "As long as necessary." Ìgbà wo ni "necessary" yẹn dà? Mo mọ̀ pé wọn ò lè pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ tá a bá san owó tán, òfin tó ń dènà fífi owó ẹ̀gbin pamọ́ ní kí àwọn oníṣòwò owó tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ó kéré tán ọdún 5. Kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà: àkọsílẹ̀ lóònù, ọdún 5, torí òfin báyìí, SMS, kò ju ọjọ́ tá a ṣèṣirò lọ, nọ́ńbà èèyàn mẹ́ta tá a fún wọn, ọjọ́ tí gbèsè bá tán. Kò gba lọ́yà láti kọ ìyẹn, ìpínrọ̀ kan ló máa gbà.

Àbúrò mi gbìyànjú ẹ̀, wọ́n ní kò yege, ó bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní "system" ló kọ̀ ọ́. Òfin ní tó bá jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ló ń dá irú ẹjọ́ báyìí, kí wọ́n sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nínú privacy policy, a sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara tún un wò. Wọn ò sọ ọ́ níbì kankan. Wọn ò dárúkọ NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin yìí, tó yẹ kéèyàn fẹjọ́ wọn sùn lọ́dọ̀ ẹ̀. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì bá wọlé sọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ òfin ní kí wọ́n sọ fún NDPC láàárín wákàtí 72 tó bá jẹ́ ohun tó lè pa àwọn èèyàn lára. Wọn ò tiẹ̀ kọ ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà sórí ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù, abala 27 yẹn kan náà ní kí wọ́n kọ ọ́ lọ́nà tó yé èèyàn, kí wọ́n wo irú àwọn tí wọ́n ń tajà fún. Àwọn wo ni wọ́n ń tajà fún? Ìyá ẹlẹ́ja ni! Wọ́n fi Yorùbá polówó lórí rédíò, wọ́n fi Yorùbá pe èèyàn nígbà tí ọjọ́ bá pé, Yorùbá tó mọ́ ṣáká, kódà wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń búni. Àfi privacy policy nìkan ló wá di gẹ̀ẹ́sì lọ́yà. Ìyá yẹn gbé fóònù fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní "Bá mi tẹ̀ ẹ́ jàre, ọmọ mi, owó ọjà ni mo ń wá." Mo ní "Ẹ jẹ́ n kà á fún yín ná, Mà." Mo kà á dé ibi kọ́ńtáàkì, mo sọ ọ́ ní Yorùbá, ó gba fóònù ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní "Kí wọ́n pe Alhaji mi kẹ̀? Àwọn wo ló bí wọn?" Ó lọ gba owó lọ́dọ̀ àwọn alájọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan ló gbà kó tó yé e.

Tẹ́ ẹ bá ti wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ san gbèsè yín o, mi ò sọ pé kẹ́ ẹ sá. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá san án, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Apps, ẹ wá orúkọ ẹ̀, ẹ wọ Permissions, ẹ pa Contacts àti SMS, ìgbà náà lẹ máa tó yọ áàpù kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù ò yọ ohun tí wọ́n ti kó lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n pa èyí tí òfin ò ní kí wọ́n tọ́jú rẹ́, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ìwé náà pamọ́, tí wọn ò bá dáhùn ẹ lè fẹjọ́ wọn sun NDPC. Èmi náà kọ ọ́ sí Gmail tó wà nínú privacy policy wọn yẹn, ó padà wá pé kò sí irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀. Mo bá gba orí WhatsApp lọ, mo ní mo fẹ́ kí wọ́n pa SMS mi àti nọ́ńbà èèyàn mẹ́ta tí mo fún wọn rẹ́. Ọmọbìnrin tó dáhùn níwà, ó ní "Ẹ káàárọ̀ Mà," ó ní kí n dúró díẹ̀, ó lọ bi ọ̀gá ẹ̀, ó padà dé, ó ní inú àwọn dùn láti sọ fún mi pé limit mi ti di 50,000.